Omi Aró àti Sípíríǹgì

Láti ìgbà ọyẹ́ títí di ọdún Àjíǹde, ní ọdún tó ṣáájú òmìnira, abọ́ omi aró ni mo ń gbé lé itan kiri Lọ́kọ́ja. Ẹni tó bá rí mi nígbà náà, nínú mọ́tò kékeré kan tí kò ní gíláàsì lẹ́yìn, lápá òsì ọkọ mi, tí mo fi ọwọ́ méjèèjì di abọ́ mú, tí ojú mi kò kúrò lára omi, á ní orí mi ti dàrú. Àwọn kan tilẹ̀ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá mi ní Kabawa. Ìyá mi ní kí wọ́n lọ bi ọkọ mi, pé ènìyàn lòun fi ọmọ òun fún, òun ò fi í fún mọ́tò.

Aláró ni wá nílé wa. Ìlọrin ni bàbá bàbá mi ti ṣòwò dé etí odò Ọya, kò sì padà mọ́. Àwọn ìyàwó rẹ̀ gbé ìkòkò aró kalẹ̀ lẹ́yìn ilé, àwọn ìkòkò yẹn náà lèmi bá. Ọmọ Ìjùmú ni ọkọ mi, mẹkáníìkì ní ọgbà iṣẹ́ ìjọba. "Okun o" ló fi ń kí gbogbo ayé, ìbáà ṣe Nupe, ìbáà ṣe Íbírà, ìbáà ṣe òyìnbó ọ̀gá rẹ̀. Ọmọ ìjọ ni, èmi ń kírun. Ilé méjèèjì kùn díẹ̀, nígbà tó yá wọ́n gbà. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, epo kì í sì í tán lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ohun tó fẹ́ràn jù láyé lẹ́yìn èmi ni irin, ìgbà mìíràn sì wà tí kò dá mi lójú pé èmi ni mo ṣáájú.

Àwọn òyìnbó ìjọba àti àwọn akọ̀wé àgbà tó ní mọ́tò ló dá eré ìje kan sílẹ̀ láàárín ara wọn. Lọ́dọọdún, ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, wọ́n á kó mọ́tò jọ sí etí odò, níbi tí ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé mọ́tò sọdá ti ń gúnlẹ̀. Wọ́n á máa tú wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fi aago wo bí olúkúlùkù ṣe pẹ́ tó kó tó dé orí òkè, níbi tí ọ̀nà ti gun ẹ̀gbẹ́ òkè Patí tán. Ẹni tó bá tètè dé jù ló gbé ife.

Ọ̀nà yẹn kò burú títí tó fi dé ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, àdúgbò tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Crusher lónìí. Níbẹ̀ ló ti yà sósì lójijì, kòtò jíjìn sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Lọ́dún tó ṣáájú èyí tí mò ń sọ, mọ́tò akọ̀wé kan fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ní kọ́nà yẹn, ó yí wọ inú kòtò, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé jáde. Ọkọ mi wà lára àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé e. Nígbà tó padà délé, ó fọ ọwọ́, ó jẹun, ó wá sọ pé, "Kì í ṣe eré sísá ló pa á. Sípíríǹgì ẹ̀yìn ló rọ̀ jù." Kò pẹ́ sígbà náà tó fi wọ́ mọ́tò kékeré kan wálé, èyí tí òyìnbó kan pa tì lẹ́yìn tí igi wó lù ú. Ó ní òun náà á sá eré náà lọ́dún tó ń bọ̀.

Mo ní, "Ẹ̀yin tí ẹ gbé òkú?"

Ó ní, "Nítorí pé mo gbé e ni mo ṣe mọ ohun tí mo máa ṣe."

Láti ọjọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́: kí ọkọ mi gba kọ́nà yẹn kọjá láàyè. Ife wọn kò kàn mí. Wọn ì bá fi bu omi fún adìyẹ, kò kàn mí.

Kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣe, nítorí ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi títí tó fi wọ̀ mí lára. Lẹ́yìn mọ́tò náà, irin pẹlẹbẹ mẹ́fà ni wọ́n tò léra wọn lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n kọrọdọ. Èyí tó gùn jù nínú wọn ni wọ́n ń pè ní ìyá. Níwájú, irin lílọ́ tó ká róbótó ni. Bí àwọn irin yìí, tí í ṣe sípíríǹgì, bá rọ̀ jù, imú mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá tẹ búrẹ́ẹ̀kì, ìdí rẹ̀ á jókòó nígbà tí a bá tẹná sí i, tó bá sì dé kọ́nà, á fẹ̀gbẹ́. Bí wọ́n bá le jù, taya á máa ta kúrò nílẹ̀, kò ní lè di ọ̀nà mú. Àárín ló ń wá. Ó lè yọ irin kan, kó fi èyí tó fẹ́lẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ó lè gbé ìyá lọ fún bàbá Íbírà kan tó ń rọ ọkọ́ nítòsí wa, kí ó tún un tẹ̀ nínú iná, kó tún gbé e padà lọ lọ́jọ́ kejì nítorí pé ó fi ìbú ìka kan ga jù. Ìṣòro rẹ̀ ni pé bó ṣe ń wakọ̀, kò ráyè wo ohun tí mọ́tò ń ṣe gan-an. Ìdí tó fi jókòó ló fi ń mọ̀ ọ́n, ó sì ní ìdí máa ń parọ́.

Èmi ni mo bá a rí ọ̀nà àbáyọ, pẹ̀lú ìbínú ni. Lọ́jọ́ kan ó ní òun á fi mọ́tò náà gbé mi lọ sí Karaworo, kí n lọ fi àwọ̀ aró han oníbàárà mi kan. Mo bu aró sínú abọ́ tánganran, mo gbé e lé itan, aṣọ funfun tí obìnrin náà fẹ́ kí n pa láró sì wà lábẹ́ abọ́ lórí ẹsẹ̀ mi. A ò tíì jìnnà tí ajá kan fi gba iwájú wa kọjá. Ọkọ mi tẹ búrẹ́ẹ̀kì, aró ta sórí aṣọ aláṣọ. Mo bú ọkọ mi, mo bú mọ́tò, mo bú ajá. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ń wo aṣọ náà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Aláró, wò ó," ló wí, bẹ́ẹ̀ ló máa ń pè mí. "Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀."

Lóòótọ́, apá iwájú ni gbogbo aró náà ta sí, ní ìlà gígùn gígùn, àfi ẹ̀kán mẹ́ta tó bọ́ sọ́tùn-ún. Imú mọ́tò bẹ̀rẹ̀ jù, ohun tí aṣọ ń sọ nìyẹn. Ọjọ́ méjì ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, mo gé àpò ìyẹ̀fun sí wẹ́wẹ́, onígun mẹ́rin mẹ́rin, mo sè é títí tó fi funfun.

Láti ìgbà náà, kí ó tó lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, a ó wọkọ̀. Màá tẹ́ aṣọ funfun kan sórí itan, màá gbé abọ́ lé e láàárín gbùngbùn, omi aró á fi ìka kan dín sí ẹnu abọ́. Ó á fi èédú sàmì sí ìgun aṣọ tó kọjú síwájú. Ọ̀nà kan náà, eré kan náà, kòtò kan náà lójoojúmọ́. Tí kòtò kan bá ti dí, ó á wá èyí tó burú jù ú lọ. Tí a bá padà dé, màá sá aṣọ náà sórí okùn, ọkọ mi á dúró níwájú rẹ̀, á ká ọwọ́ sẹ́yìn. Aró tó ta síwájú, búrẹ́ẹ̀kì ni. Èyí tó ta sẹ́yìn, ìdí mọ́tò ló jókòó. Èyí tó ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló máa ń wò pẹ́ jù, nítorí kọ́nà ọ̀hún. Nígbà mìíràn ó á gbàgbé pé ó yẹ kó lọ síbi iṣẹ́.

Ó ti pẹ́ gan-an, síbẹ̀ àwọn àárọ̀ yẹn ṣì máa ń padà wá bá mi lójú oorun, mi ò sì mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú wọn mọ́ yàtọ̀ sí èyí tí mo lá. Ọyẹ́ á bo gbogbo ìlú. Òkè Patí á dúró lójú sánmà láìní ẹsẹ̀. A ò ní rí odò, ṣùgbọ́n a ó gbọ́ bí àwọn apẹja ṣe ń pe ara wọn lédè Nupe, ohùn wọn á dún bí ẹni pé inú ilé kan náà la jọ wà. Igi máńgò á yọ sí wa láti inú funfun, á tún wọ inú funfun lọ. Mi ò gbọdọ̀ wo ọ̀nà, omi ni mo gbọdọ̀ wò, nítorí náà mi ò mọ̀ pé a ń lọ. Omi náà ló ń lọ. Ó á gòkè díẹ̀ lápá kan abọ́, á rò ó, á sọ̀ kalẹ̀, á gòkè lápá kejì. Tí oòrùn bá yọ, á ràn sínú rẹ̀, pupa lórí aró, mo sì máa ń rò pé tí n bá tẹ ìka bọ̀ ọ́, á jó mi.

Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ tó bá ń wakọ̀. Òórùn epo bẹntiróòlù àti ti aró á papọ̀ nínú mọ́tò, òórùn kan tí mi ò tíì tún gbọ́ níbòmíràn. Lójú mi, a máa ń tètè délé jù. Bí a bá ti ń sún mọ́ ilé, tí mo gbọ́ tí wọ́n ń gún nǹkan lódó, inú mi á bàjẹ́ díẹ̀, bí ti ẹni tí wọ́n jí láàárín àlá dídùn.

Oyún wà nínú mi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lóyún ṣáájú ìgbà náà. Àkọ́kọ́, mo sọ fún ọkọ mi ní oṣù kejì. Kí oṣù kẹta tó pé, ó ti bàjẹ́. Èkejì, ìyá mi nìkan ni mo sọ fún. Ó ní kí n jókòó, kí n má gbé nǹkan, kí n má rìn jìnnà. Mo jókòó. Mo dùbúlẹ̀ lórí ẹní bí aláìsàn, ìyá mi ń bu ọbẹ̀ fún mi, orí ẹní yẹn náà ni oyún ti bọ́ lára mi. Èmi ní tèmi, mo gbà pé ẹnu mi ló ń lé wọn. Nígbà tí ìkẹta dé, mo pa ẹnu dé. Mo ní ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́ ẹkún ọmọ ni wọ́n máa mọ̀. Ṣé ẹ rí ọkọ mi, ẹni tó lè fi ojú lásán mọ̀ pé sípíríǹgì kan fi ìbú ọkà kan ga ju èkejì, kò rí i pé ìyàwó òun ń yí ìdí ìró pa dà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Kí ló dé tí n ò yé wọ mọ́tò náà? Tí n bá ní mi ò lọ mọ́, ó máa bi mí léèrè ìdí. Èyí jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ni. Jíjókòó lórí ẹní kò gba méjì àkọ́kọ́ là. Nínú mọ́tò yẹn, tí omi ń lọ tó ń bọ̀, ara mi máa ń balẹ̀, mo sì gbà pé ara ẹni tó wà nínú mi náà ń balẹ̀.

Nígbà tí oyún wọ oṣù kẹta, mi ò fẹ́ kí etí abọ́ tánganran tútù yẹn máa kan ikùn mi mọ́. Mo sún abọ́ díẹ̀ sórí itan òsì. Mo sún aṣọ funfun tẹ̀ lé e, kí abọ́ lè wà láàárín aṣọ bó ṣe yẹ. Ní oṣù kẹrin mo tún sún un. Mo ń ṣe é bí ẹni tó ń yẹra fún oòrùn, mi ò ro nǹkan kan sí i.

Ìgbà yẹn ni aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé mọ́tò ń fẹ̀gbẹ́ sósì. Ọkọ mi wọ abẹ́ mọ́tò, ó fi irin kan kún sípíríǹgì òsì. Lọ́jọ́ kejì, aró tún ta sósì. Ó gbé ìyá lọ fún bàbá Íbírà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ga sí i. Aró tún ta sósì. Lálẹ́ ó á máa bá mi sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ nípa àbúrò rẹ̀ tó ya aláìgbọràn.

"Ẹsẹ̀ òsì yẹn ti rẹ̀, Aláró. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe é."

"Ẹ rọra máa ṣe é," lèmi á wí.

"Nígbà tí mo bá ń wà á, ó ń ṣe mí bíi pé ó ti le jù. Ṣùgbọ́n aṣọ ò lè parọ́."

Kí Àjíǹde tó kò, irin méjì ló ti fi kún ti òsì. Ní ọjọ́ eré, awakọ̀ nìkan ló gbọdọ̀ wà nínú mọ́tò. Ó ti di iyanrìn odò sínú àpò kan tó wúwo tó mi, òun ló máa jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí. Ó ní kò sí ohun tó kù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti gbé mọ́tò lọ sí etí odò kí n tó múra. Mo fẹ́ wọ aṣọ tó dáa, mo bá ń kó àwọn ìró tí mo fi ń jókòó nínú mọ́tò jọ láti lọ fọ̀ wọ́n. Aró a máa rin aṣọ funfun kọjá, abọ́ a sì máa fi àmì róbótó bí òrùka sára ìró. Mo tẹ́ wọn sílẹ̀ nínú àgbàlá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú aláró ni mo fi ń wò wọ́n, mò ń wò ó bóyá wọ́n ṣeé tún pa láró. Lára ti ìgbà ọyẹ́, òrùka wà láàárín. Lára èyí tó tẹ̀ lé e, ó ti lọ sósì. Lára èyí tí mo wọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, orí itan òsì pátápátá ló wà, kò sì rí róbótó mọ́. Apá òsì rẹ̀ dúdú ju apá ọ̀tún lọ, nítorí pé ìdí abọ́ ti dagun.

Mo dúró sójú kan. Kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ òsì mọ́tò náà. Èmi ni mo dagun. Irin méjì tó wà lósì yẹn, ikùn mi ló fi wọ́n síbẹ̀, ọ̀tún ló wá rọ̀ ju òsì lọ báyìí. Ọ̀tún sì ni kòtò wà.

Mo ká ìró náà mọ́ abíyá, mo sì ń lọ. Ilé wa ní Kabawa kò jìnnà sí etí odò, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ọ̀nà ò tán. Àwọn ènìyàn ń kí mi, "Sannu", "Okun o", "Ẹ kú ọdún", mi ò dá ẹnì kan lóhùn. Ohun tí mò ń rò kì í ṣe ohun tó dára láti sọ, màá sọ ọ́ náà. Mò ń rò pé tí n bá sọ fún un, oyún á bọ́. Tí n ò bá sọ fún un, kọ́nà á gbà á. Mò ń wá irọ́ tí mo lè pa tí kò ní dárúkọ ikùn, ọ̀nà sì ń tán lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Mọ́tò méje ló tò sí etí odò. Ti ọkọ mi ló kéré jù, ó wà ní ipò kẹta. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Akọ̀wé tó di aago mú ní kí obìnrin má sún mọ́ ibẹ̀, mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo tẹ́ ìró náà sórí imú mọ́tò.

Ọkọ mi wò ó. "Aró wà lára ìró aláró. Kí ni tuntun níbẹ̀?"

"Ẹ wo ibi tó wà," mo ní. "Abọ́ ò sí láàárín. Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti ń sún un sósì. Òsì ò ṣe nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ àwọn irin yẹn."

"Kí ló dé tí o fi ń sún un?"

Mo wá irọ́ tì. Mo ní, "Mi ò fẹ́ kó máa kan ikùn mi."

Kò tètè yé e. Ó wo ìró, ó wò mí, ó tún wo ìró. Lẹ́yìn náà ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú iyanrìn, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀ṣì.

"Oṣù mélòó?"

"Ó ti wọ karùn-ún."

Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn, tàbí kẹ̀ pé ẹ̀rù kọ́nà á bà á. Ohun tó ṣe ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ kòtò. Èyí tó wà níwájú ilé ẹjọ́. Èyí tó wà lẹ́bàá ọjà. Èyí tí a bá pàdé lọ́nà Karaworo, tó padà sí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan ṣoṣo nítorí pé aró kò ta dáadáa. Ó ní, "Èmi fúnra mi ni mò ń wá wọn kiri. O jókòó tì mí, o jẹ́ kí n máa wá wọn."

"Ẹ má bínú."

"O jẹ́ kí n máa wá wọn, Aláró."

Kò tíì bínú sí mi bẹ́ẹ̀ rí, kò sì tún bínú bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Ó dìde, ó lọ bẹ akọ̀wé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ gbẹ̀yìn. Ó gbé jáàkì sábẹ́ mọ́tò, ó dùbúlẹ̀ lórí iyanrìn, ó wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn mọ́tò yòókù ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dúró ti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó yọ síta, mò ń na sípánà sí i. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan ju "èyí tó tóbi" àti "èyí tó kéré" lọ. Ó yọ irin méjèèjì, ó tẹ ìyá padà bó ṣe lè tẹ̀ ẹ́, ó fi ìka wọn àlàfo tó wà lókè taya, òsì, ọ̀tún, òsì. Nígbà tó jáde, kò sí funfun kankan mọ́ lára ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ó wọnú mọ́tò. Kò wò mí.

Láti etí odò, a kì í rí kọ́nà yẹn, ṣùgbọ́n a máa ń gbọ́ ọ, nítorí òkè Patí ń dá ohùn padà. Mo ti gbọ́ mẹ́fà. Gbogbo wọn ló ń ké lọ geere wọ kọ́nà náà, ẹni tó láyà nínú wọn kì í gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná rárá. Nígbà tí tiẹ̀ lọ, mo di ojú. Mo mọ ohùn mọ́tò náà ju ohùn àwọn ẹbí mi lọ. Mo gbọ́ ọ bó ṣe kọjá níwájú àwọn ilé ìjọba, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, kò mì, kò ta, ó ń lọ bí ìgbà tí ènìyàn ń fa aṣọ jáde nínú omi. N kò gbọ́ kí ó dún dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Akọ̀wé tó di aago mú wo aago rẹ̀, ó ní, "Hà!"

Ìgbà náà ni ohùn náà rọlẹ̀.

Ó ku díẹ̀ kó dé kọ́nà ni. Kì í ṣe pé ẹ́ńjìnnì kọṣẹ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ó tẹ búrẹ́ẹ̀kì, ó rọra gba kọ́nà náà bí ẹni tó gbé arúgbó lọ sílé ìwòsàn. Ó pẹ́. Mo ń gbọ́ odò lẹ́yìn mi. Lẹ́yìn náà ohùn mọ́tò gòkè padà, lódìkejì, ó sì ń lọ sókè. Mo la ojú. Omijé ti bọ́ lójú mi, mi ò sì mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

Ipò kẹfà ló ṣe nínú méje. Ọmọbìnrin ni oyún náà, nígbà tí odò kún ni mo bí i, ó sì ké tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá mi fi ní ó jọ mọ́tò bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ eré yẹn, mi ò tíì mọ̀ bóyá á dúró. Mo kàn wà létí odò ni, mo di ìró mú, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láti orí òkè, ẹni tó gbé ife ń fọn fèrè mọ́tò.

Àwọn ènìyàn yí ọkọ mi ká bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀. Gbogbo Lọ́kọ́ja ló ti gbọ́ nípa sípíríǹgì rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Akọ̀wé tó di aago mú náà ní, "Mẹkáníìkì, títí o fi dé kọ́nà yẹn, ìwọ lo wà níwájú gbogbo wọn. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ọkọ mi nu ọwọ́ mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó wò mí lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, ó yí sí wọn, ó ní, "Sípíríǹgì ni. Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe tó. Kò dára rárá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rín in. Irọ́ ni, èmi nìkan ló sì mọ̀. Sípíríǹgì yẹn pé. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi ń tì mí.